Lẹ́tà Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Fi Kọ́ Ọmọ Ọdún Mẹ́rin?

Àwọn tó ń béèrè ibi tí a wọlé sí látìgbà tí ìdánwò ti parí, jẹ́lé-ó-sinmi la wà. Ìyá kan tó ní ilé-ìwé aládàáni n'Íbàdàn ló ránṣẹ́ pe àwa mẹ́ta pé kí a bá àwọn yan ètò-ẹ̀kọ́ tí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin yóò máa lò láti sáà tó ń bọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá ní yunifásítì, ẹ wá sọ fún mi bóyá ó ṣeé fi kọ́ ọmọ lóòótọ́, àbí ẹnu lásán ni."

Ètò mẹ́ta ló wà lórí tábìlì wọn: ti ìjọba wa, èyí tí NERDC ṣe, ti Montessori, àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní EYFS, èyí tó ti di òfin lọ́hùn-ún láti 2008. Ti Gẹ̀ẹ́sì yìí ni àwọn òbí fẹ́. A jókòó, a kà á. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ tí èdè ilé rẹ̀ kì í bá ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn olùkọ́ ṣe ohun tó yẹ kó lè máa lo èdè ilé rẹ̀ nínú eré àti nínú ẹ̀kọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́ o! Níbí, ilé-ìwé tó ra ìwé wọn ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá fi Yorùbá béèrè omi.

Gbogbo wa la ti kọ ti Ifẹ̀ nínú ìdánwò: pé ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ní St. Stephen's "A", Mọdákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà èdè ti 2022, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Orí fóònù ni Mọ́mì oníléèwé ti fi ìròyìn náà hàn wá lọ́jọ́ kìíní. "Ṣé ẹ rí i? Ìjọba fúnra wọn ti kọ̀ ọ́."

Síbẹ̀, kì í ṣe ìjọba ló gba àkókò wa jù. Lẹ́tà ni. Jolly Phonics ni Àǹtí kíláàsì ń lò, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ni s, a, t, i, p àti n. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí ọmọ tó bá ti mọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè ka ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kíá. Àǹtí ní ká má yẹ ètò náà, ká kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì lórí ṣáàtì.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ yìí: pin. Ọmọ tó bá fi ètò yẹn kà á yóò pe ìró mẹ́ta, yóò sì so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá kọ pín ní Yorùbá, bíi ká pín ẹran, ìró méjì péré ló wà níbẹ̀. P tiwa kì í ṣe p tiwọn. Ètè àti ọ̀fun la jọ fi ń pe tiwa. N ẹ̀yìn yẹn kò sì dá dúró, ó kàn ń sọ fún wa pé kí ìró i gba imú jáde ni. Ká má tíì wá sọ ti àmì ohùn, èyí tó ya pín sọ́tọ̀ kúrò lára pin, bí ìgbà tí nǹkan bá dópin. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ̀ pé èdè méjì ló jọ ń lo lẹ́tà kan náà. Yóò rò pé òun ni òun kò gbọ́n.

La bá tú u palẹ̀. Fáwẹ̀lì méje la fi ṣáájú: a, e, ẹ, i, o, ọ, u, torí kò sí sílébù Yorùbá tó ń fi kọ́ńsónáǹtì parí lẹ́yìn fáwẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ni b, d, l àti m. Pẹ̀lú ìwọ̀nba yìí, ọmọ ti lè ka ilé, omi, ọmọ, adé, ẹbà, ọ̀bẹ, ìlù, ọba. Nǹkan tó ń fojú rí ni (àfi ọba, ṣùgbọ́n Ìbàdàn la wà, wọn á rí Olúbàdàn lórí tẹlifíṣọ̀n). A fi gb àti p sẹ́yìn, àti r náà, torí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń pe orí ní olí.

Òǹkà fẹ́ mú wa jà. Ṣáàtì ara ògiri kọ 2, ó kọ èjì sábẹ́ rẹ̀, ó tán. Ọmọ tó bá há a sórí yóò máa sọ pé "ìwé èjì". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì; àwa ní èjì tí a fi ń kà, a sì ní méjì tí a fi ń sọ iye nǹkan. Ìwé tí wọ́n kàn túmọ̀ kò lè rántí ìyẹn. Ti ẹ́ẹ̀ẹ́dógún tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 11 dé 14, a ń fi kún ẹ̀wá; tó bá di 15, a yíjú padà, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò lára ogún. Ọ̀kan nínú wa ní ká dúró sí ẹ̀wá. Àwọn méjì tó kù ní kí ọmọ kọ ọ́ lórin dé ogún bí ẹni ń pe orúkọ, kí àlàyé dúró di pírámárì. Ìbò méjì borí ìbò kan. Ẹni tó fìdí rẹmi ṣì ń kùn títí di bí a ṣe ń kọ èyí.

Lára Montessori, lẹ́tà sáńpépà la mú. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Róòmù ní 1907, fẹ́ kí ọmọ máa fi ìka tọ ojú lẹ́tà kó tó fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Ìyẹn kò mọ èdè. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun gbówó lórí, kò sì ní ẹ, ọ àti ṣ. Káfíńtà àdúgbò ló bá wa gé tiwa, a wá lẹ àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn kí ìka lè bá a pàdé. Ọmọ ayò la fẹ́ máa fi ka òǹkà, Àǹtí ní ká gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tó ki ẹ̀wà símú lọ sí ọsibítù rí yóò mọ ìdí. Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò la wá ń ṣà káàkiri.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí, bàbá kan dìde, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán kí ẹ tó máa fẹ́ràn Yorùbá. Ta ni yóò bá ọmọ mi ṣe common entrance?" A ò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní jẹ́lé-ó-sinmi, òun náà ló gbé wa wọ yunifásítì. A sọ ti Mọdákẹ́kẹ́ fún wọn. Wọ́n ní 1970 ti pẹ́ jù. Ìyá kan ló gbà wá sílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rárá, ṣùgbọ́n tó bá dé ilé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé Yorùbá ni títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Jolly Phonics lẹ́yìn oúnjẹ, kí ṣáàtì kálukú wà lára ògiri tirẹ̀. Sáà kan péré ni Mọ́mì fún wa. Wọ́n ní bí òbí bá ń kó ọmọ kúrò, àwọn ò ní rí owó oṣù tíṣà san, àwọn yóò sì já ṣáàtì wa lulẹ̀. Ọmọ méjì ti lọ. Ó ku mẹ́rìnlá.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń kọ́ ọmọdé, ẹ bá wa dá sí èyí kíákíá, ọjọ́ Ajé la ń bẹ̀rẹ̀: àwòrán wo ni ká fi síwájú ẹ? Ẹyẹ ní y, ẹja ní j, a kò sì tíì kọ́ wọn ní ìkankan nínú méjèèjì. Ẹbà nìkan ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ti pé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wa yà á, ó yà á tán, òkúta ló jọ.