Ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ olóṣèlú ilẹ̀ Yorùbá á di ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀. Fìlà Awo á wà lórí, àwòrán Baba á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn lára pósítà. Wọ́n mọ ohun tí ará ìlú ń fẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni Awólọ́wọ̀ fi ní orúkọ: ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Owó orí wà lára ohun tí wọ́n fi gbé e ró, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bínú sí i nígbà náà. Gómìnà tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ lónìí, tí ọmọ ṣì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ̀wé ní ilé-ìwé ìjọba rẹ̀, ìbò wa nìkan ló ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iye tó yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ kí ẹ tó tẹ̀ka fún un.