Ọwọ́ Òsì Bàbá Onígìtá

Bí ọkùnrin bá ti lé ní ogójì ọdún ní ìlú wa yìí, ohun tí àwọn ènìyàn ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á bi í pé ilé tó ń kọ́ dé ibo, wọ́n á bi í pé ọmọ rẹ̀ àgbà ti wọ yunifásítì àbí kò tíì wọ̀ ọ́, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ni yóò gba oyè ní ìlú bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí í bi í pé, “Ṣé o ti ń kọ́ gìtá?” Nítorí náà, nígbà tí mo di ẹni ọdún 46 tí mo gbé gìtá oníná tòkunbọ̀ kan wọlé, inú ilé mi gan-an ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ máa ta gìtá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Bàbá Ìbejì, gìtá lẹ fẹ́ ta? Ẹ tètè bá wa tà á o, kí a fi owó rẹ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀.” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi obìnrin tí wọ́n wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ náà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ alágbe ni wọ́n tìtorí ẹ̀ rán mi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì? Ọ̀rọ̀ náà kò bí mi nínú, nítorí mo mọ ibi tó ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tọ́ wa, ọmọ tó bá di gìtá mú, ẹkún ni ìyá rẹ̀ máa ń sun. Àwọn òbí wa á pe olórin sí òkú ṣíṣe, wọ́n á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, wọ́n á jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tiwọn dúró láàárín àwọn olórin, èèwọ̀ ni. Ayé ti yí díẹ̀ báyìí. Àwọn òbí ló tún ń sanwó olùkọ́ dùùrù fún ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ti ọmọdé nìyẹn. Àgbàlagbà tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ tó ń ta okùn kan ṣoṣo fún odidi wákàtí kan, ìyẹn ṣì ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan náà ti rí, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń rí i lọ́rùn olórin láìmọ ohun tó ń mú un fọhùn. Gìtá oníná kò níhò nínú bíi ti gìtá onígi lásán. Pákó tó ki ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lábẹ́ àwọn okùn rẹ̀ ni wọ́n fi òòfà sí, wọ́n sì fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun wé òòfà náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá ti ń gbọ̀n lókè òòfà, gbígbọ̀n náà ń dá iná kékeré sínú wáyà, iná yẹn ló ń lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí yóò sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ìdí nìyẹn tí okùn ọ̀rá kò fi wúlò lórí rẹ̀, nítorí òòfà kò mọ ọ̀rá. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé bí àwọn tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò lára wọn láti ọdún 2005, bá mú iná lọ, gìtá tó ń bú bíi kìnnìún á di ẹ̀fọn létí ẹni. Mo ti fi ọ̀pọ̀ alẹ́ bá ẹ̀fọn yẹn ṣeré. Ó tu àwọn ará ilé lára.

Okùn mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Láti orí èyí tó nípọn jù dé orí èyí tó tín-ín-rín jù, E, A, D, G, B àti E mìíràn ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn, ọwọ́ òsì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn gìtá níbi tí wọ́n to àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí, ibi tí ọwọ́ òsì bá sì tẹ̀ ló ń sọ bí ohùn yóò ti ga tó. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ṣáájú ni ti ìrora. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, orí ìka mi wú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bó. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti yi bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń tẹ iṣẹ́ ìwé ìròyìn lórí kọ̀ǹpútà ní gbogbo àsìkò náà.

Kí ló wá gbé mi dé ìdí rẹ̀? Iṣẹ́ ni. Ọ̀gá mi ní kí n kọ nǹkan lórí orin jùjú àtijọ́. Gbogbo wa la mọ àwọn tó wà níwájú. A mọ Túndé King tó fi bánjò kọrin ní Èkó ní àwọn ọdún 1930. A mọ Àyìndé Bákárè tó gbé iná wọ gìtá jùjú ní ọdún 1949, nǹkan tí iná yẹn sì ṣe kò kéré: tẹ́lẹ̀, bí ìlù bá ti pọ̀, a kì í gbọ́ gìtá mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá ti rí iná jẹ, olórin lè kó gángan àti ìlù mìíràn jọ láìbẹ̀rù. A mọ̀ pé Ebenezer Obey wà lábẹ́ Fatai Rolling Dollar kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1964. A mọ̀ pé nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní ọdún 1982, àwọn òyìnbó lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wá jùjú kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ jùjú ńlá kì í lo gìtá kan. Èyí tó ń síwájú wà, béèsì wà, tẹ́nọ̀ sì wà, nígbà mìíràn ju ẹyọ kan lọ. Tẹ́nọ̀ ni gìtá tó ń pààrà ìró kúkúrú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí tí ọ̀gá yóò fi ní ó tó. Àwọn tó ń ta á ni mo fẹ́ kọ nípa wọn, àwọn tí àwòrán wọn wà lẹ́yìn páálí àwo tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn.

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Mushin. Wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn, nítorí náà Bàbá ni mo ń pè wọ́n níhìn-ín. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Tẹ́nọ̀ ni wọ́n fi jẹun ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, láti òde kan bọ́ sí òmíràn, títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, ó sì mú ọwọ́ òsì wọn lọ. Gìtá wọn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Mo ní kí Bàbá sọ bí ìró tí wọ́n máa ń ta ṣe ń lọ. Wọ́n fi imú kọ ọ́ fún mi, mo sì ń kọ̀wé. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ka ohun tó o kọ sétí mi.” Mo kà á, àwọn ọ̀rọ̀ dídùn tí àwa oníwèé ìròyìn mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ó dáa. Bí mo bá kú lọ́la, ṣé ẹnì kan lè mú ìwé yẹn kó fi ta gìtá?”

Mo ní àwo orin wà. Wọ́n ní àwo orin gbé ohùn pamọ́, kò gbé ọwọ́ pamọ́. Gìtá mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú àwo yẹn, ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀? Àti pé ìró tí wọ́n ń ta lóru ní òde ìnáwó, ta ló gbé ẹ̀rọ lọ gbà á sílẹ̀? Wọ́n ka àwọn tí wọ́n ṣì rántí fún mi. Ìró mọ́kànlá ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ ra gìtá.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò kan gìtá rárá. Bàbá ní kí n máa wí pé, “Bàbá ti dé, ẹ gbé omi wá.” Mo wí i títí ó fi sú mi. Wọ́n ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí n di ìsàlẹ̀, àárín àti òkè inú rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n wá ibi mẹ́ta lórí gìtá, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún òkè, kí n fi wí ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí mo ta á, Bàbá késí ìyàwó wọn ní ilé ìdáná: “Màmá, kí ni gìtá wí?” Màmá dáhùn pé, “Mi ò mọ̀ o. Ó ń ké bí ọmọ ewúrẹ́.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ ní gbogbo Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Bàbá kò tíì béèrè tí Màmá fi gbé ife omi jáde, wọ́n gbé e ka iwájú mi, wọ́n padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gba owó oṣù, kò sí ìyìn tó dùn mọ́ mi tó omi yẹn.

Iṣẹ́ gidi wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kí n ta ìró kan fún ogún ìṣẹ́jú láì yí i padà, láì fi kún un, láì yára. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dán an wò kí ẹ tó sọ pé ó rọrùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ á fẹ́ ṣe fààjì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkàn á ti lọ síbi gbèsè àti owó ilé ìwé ọmọ. Bàbá á fi ọ̀pá wọn gbá ilẹ̀: “Akọ̀wé, o ti lọ! Padà wá!” Wọ́n ní kò sí àlejò tí í kí òpó ilé, ṣùgbọ́n kí òpó wá ní òun fẹ́ jó, kí a wo ibi tí àlejò máa gbà. Ẹni tó ń ta tẹ́nọ̀ kò sí níbẹ̀ kí wọ́n lè wò ó. Ó wà níbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí ibi dúró sí.

Ìró kẹta ló fẹ́ lé mi sílé. Ọwọ́ òsì mi mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀tún kò bá a mu, nítorí ibi tí ènìyàn rò pé kó ta okùn gan-an ni Bàbá máa ń fò. Wọ́n ṣàlàyé títí, kò yé mi. Ni wọ́n bá ní kí n gbé gìtá fún àwọn. Mo gbé e ka itan wọn, mo so okùn rẹ̀ mọ́ wọn léjìká. Wọ́n ní kí n jókòó sí apá òsì àwọn, kí n di ọrùn gìtá mú. Ọwọ́ òsì tèmi ń tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tiwọn ń ta. Ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìró yẹn dìde láàárín àwa méjèèjì, ó ń yí, ó ń fò níbi tó yẹ kó fò, bí ẹni pé kò sùn láti ọdún mẹ́rin. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Màmá ti jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dúró, mo rò pé Bàbá máa sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Wọ́n ní, “Ìka kejì rẹ ń pẹ́ dé.”

Ìró mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi báyìí nínú mọ́kànlá. Táíwò ń fi fóònù gba ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀, Kẹ́hìndé sì ti ń jí gìtá mi ta bí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Ìka rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Ìyá Ìbejì pàápàá ti ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ nídìí ọbẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé láti ìgbà òjò tó kọjá, ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu Bàbá. Ohun tí wọ́n máa ń wí lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìró tí wọ́n ń fi imú kọ ni kò tíì yí padà. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ méje tó kù sínú fóònù fún wa tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí a bá da oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún lóòjọ́, kò ní jẹ ẹ́, ó máa bà jẹ́ ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò pọn dandan kí ó jẹ́ gìtá. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà tó mọ irun kan tí wọn kì í dì mọ́, ó lè jẹ́ bàbá tó mọ bí a ṣe ń hun aṣọ òkè olówó iyebíye. Bí ẹ bá ní irú wọn nítòsí, ẹ má kàn ya fọ́tò wọn kí ẹ sì máa lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ìka yín bó díẹ̀. Àwọn tó máa fi yín rẹ́rìn-ín kò ní ṣàìsí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í pa ènìyàn. Ní tèmi, Sátidé ti fẹ́ dé. Ìró karùn-ún ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá sì ti kìlọ̀ fún mi pé ó le ju ìkẹta lọ.