Màmá Ìbàdàn ní Ìgbà Ìwọ́wé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò ni wọ́n fi ń mọ oṣù Ọ̀wàrà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ewé ni. Bí oṣù Ọ̀wẹwẹ bá ti ń parí lọ, àwọn igi ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà. Àwọn kan a pọ́n bí osùn, àwọn mìíràn a pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n, títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbọn gbogbo wọn sílẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé nìyí. Àlejò lè rò pé oníkálukú yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ orí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni tọmọdé tàgbà ń wọ bàtà òjò jáde, tí wọ́n ń lọ ṣe fàájì nínú ọgbà àti igbó ìlú kí òtútù gidi tó dé.

Màmá Ìbàdàn kò mọ èyí nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Peckham ní ìparí oṣù Ọ̀wẹwẹ. Oṣù méjì àti ààbọ̀ ni ó fẹ́ lò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ òru. Èlùbọ́ ni Màmá ń tà ní Ìbàdàn. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí i, ọdẹ sì ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Orí fóònù nìkan ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn rí. Ọmọ náà gbọ́ “Ẹ káàárọ̀”, ó mọ iyán, ó mọ àmàlà, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì tí Màmá gbọ́ náà kò ju ti ẹnu ọjà lọ. Bí ìyá ọmọ bá ti sùn lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn méjèèjì a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí àlejò méjì tí wọ́n pàdé nílé ìwòsàn.

“Ṣé bí mo ṣe máa wo ọmọ yìí lójú lásán nìyí,” ni Màmá bi ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, “títí n ó fi padà sílé?”

Èso igi ni ó kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Lójú ọ̀nà ilé-ìwé, ọmọ náà a máa ṣa èso kan tí ó ń dán bí hóró àgbálùmọ̀. Conker ni àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pè é. Wọn a lu ú nihò, wọn a ki okùn bọ̀ ọ́. Ẹnì kan a gbé tirẹ̀ rọ̀, ẹnìkejì a fi tirẹ̀ gbá a. Tẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọ́ ni wọ́n borí. Màmá ti gbé omi kaná láti fi sè é bí ẹ̀pà kí ìyá ọmọ tó jí, tí ó ké gbàjarè pé májèlé ni. Òmíràn tí ó jọ ọ́ ni wọ́n ń jẹ: ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bo èèpo ẹ̀yìn ìyẹn pátápátá, èso rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó lórí. Màmá kò bínú. Ó ní kí ọmọ náà bá òun lu tòun náà nihò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń figa gbága nílé ìdáná.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà, ìyá ọmọ kọ ọ̀nà sínú ìwé pélébé fún wọn, ó ní kí wọ́n lọ wo ẹran ní Richmond Park. Ọba Charles Kìíní ni ó mọ odi yí igbó náà ká ní 1637 kí ó lè máa ṣọdẹ níbẹ̀. Lónìí, àgbọ̀nrín bí 630 ń jẹ̀ kiri nínú rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kì í sì í sanwó kí ó tó wọlé. Ibòmíràn wà tí ó lẹ́wà, irú ọgbà Kew, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń rìn lórí afárá gíga láàárín orí igi, ṣùgbọ́n owó ìwọlé ibẹ̀ kò dẹ̀rọ̀.

Lábẹ́ igi kan, Màmá rí èso ẹlẹ́gùn-ún gidi, èyí tí wọ́n ń jẹ. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣà á. Ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó, ó mi orí, ó nàka sí èso, ó nàka sí ibi tí àwọn ẹran wà, ó fi ọwọ́ kan ẹnu. Ó yé Màmá: oúnjẹ ẹran ni. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ọmọ ọdẹ ni; ó mọ̀ pé igbó ní èèwọ̀ tirẹ̀.

Ìgbà ìwọ́wé ni àwọn akọ ẹran náà ń jà du abo. Wọn a máa ké bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni igbe náà ti ń wá, wọn a sì máa fi ìwo kan ìwo. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ wọn tó 50 mítà. Akọ ńlá kan yọ láti inú koríko gbígbẹ. Ìwé atúmọ̀-èdè lè pè é ní àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n Màmá kò gbà, nítorí ìwo àgbọ̀nrín ilé kì í pẹ̀ka bí igi. Ó fẹ́ rí i dájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbẹ̀.

Àyà ọmọ náà já. Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà á níbẹ̀. Ó wá inú orí rẹ̀ lọ, ó sì figbe ta:

“Màmá, máa lọ! Máa lọ!”

Inú Màmá dùn pé ọmọ sọ Yorùbá, ó tún ń gba òun níyànjú. Ó tẹsẹ̀ mọ́rìn. Ẹran náà gbé orí sókè, ó dojú kọ ọ́. Ọmọ náà sáré tọ̀ ọ́, ó di ìró rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń fà á sẹ́yìn, ó sì ń pariwo, “Máa lọ!” Ìgbà náà ni ó tó yé Màmá. Wọ́n rọra fẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi dé ìdí igi óákù kan, ẹran náà sì padà sọ́dọ̀ àwọn abo rẹ̀.

Nígbà tí èémí wọn balẹ̀, Màmá dìde, ó rìn síwájú, ó ní, “Máa lọ.” Ó dúró gbagidi, ó ní, “Má lọ.” Ó tún un ṣe.

“Bí o bá fà á, ọkọ mi, o ti ní kí n máa lọ nìyẹn. Gé e kúrú. Má.”

“Má.”

“Má lọ.”

“Má lọ.”

“Fún àgbà ńkọ́? Ẹ má lọ.”

“Ẹ má lọ.”

Olùkọ́ tí ó ti fi odidi sáà kan kọ́ni ní ìyàtọ̀ yìí nínú kíláàsì yóò mọ iṣẹ́ tí ẹran náà bá wọn ṣe. Wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gbé dání. Màmá ki oríkì ẹran tí bàbá rẹ̀ máa ń kì nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ náà kò gbọ́ gbólóhùn kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ó tún un kì.

Ó mú ewé kan wálé. Ní alẹ́, ìyá rẹ̀ túmọ̀ ohun tí olùkọ́ wọn sọ: àwọ̀ pupa rúsúrúsú yẹn ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀, àwọ̀ tútù ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ojúmọmọ bá ti ń kúrú, àwọ̀ tútù a máa ṣá, èyí tí ó fara pamọ́ a sì yọ. Màmá ní àràbà ilé náà ń wọ́wé nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tí ó wọkọ̀ lọ wò ó.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù náà, wọ́n dá aago ìlú padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti ìgbà tí Màmá ti dé, aago Peckham àti ti Ìbàdàn jọ ń lù pọ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pe àbúrò rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Agogo mẹ́wàá ti lù lọ́dọ̀ ìyẹn, oorun sì ti wà lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi ń ṣú kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ọjọ́ 5 oṣù Bélú ni alẹ́ iná, ìrántí ọdún 1605, nígbà tí Guy Fawkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé aṣòfin mọ́ Ọba James lórí. Ẹni tí ó bá gun Telegraph Hill, lẹ́bàá New Cross, lè máa wo iná tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run káàkiri ìlú láìná kọ́bọ̀. Ìyá ọmọ kò níṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, Màmá wọ kóòtù lé bùbá. Bí iná náà ti ń bú gbàù, tí ó ń tú ká, ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì bi ìyá rẹ̀ pé ìgbà wo ni Màmá yóò padà. Ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀pẹ.

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa ọwọ́ kóòtù Màmá.

“Màmá Ìbàdàn, ẹ má lọ.”

Ó gé e kúrú dáadáa. Màmá kọ́kọ́ wo iwájú, bóyá iná ń bọ̀ lápá ibẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó wá wo ojú ọmọ náà.