Ìyá Ìbejì Lọ Wo Òkun

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé inú ilé gan-an ni àárẹ̀ wà ńkọ́? Níbo ni èèyàn ó ti wá sinmi? Ìbéèrè yìí ni mo bi ara mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo yà kí ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ìbejì, nílé rẹ̀ n'Íbàdàn. Mo bá a lórí àga tó ti jókòó sí láti ìdájí. Tíì ti tutù níwájú rẹ̀, kò fẹnu kàn án.

Ọkọ rẹ̀ ló kú. Oṣù méje ti kọjá tí a ti sin ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú yẹn nìkan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kẹ́hìndé wà nílé, òun ló ṣètò ìsìnkú. Táyé tó wà ní Kánádà kò wá. Ó fowó ránṣẹ́, ó sunkún lórí fóònù, ó ní ìwé òun ò tíì jáde, pé bí òun bá kúrò níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí òun padà wọlé mọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ìyá rẹ̀ ti fojú kàn án kẹ́yìn. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà, bí Táyé bá pè, ìyá rẹ̀ ò ní gbé e. "Ọmọ tí kò lè da yẹ̀pẹ̀ sára bàbá rẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, á sì dákẹ́.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, di aṣọ méjì sínú báàgì. Lọ́jọ́ Ẹtì, à ń lọ sí Àgbádárìgì."

Ó wò mí. "Tíṣà, ṣé kò sí? Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"A ò fẹ́ lọ ṣe nǹkan kan. Ohun tí a fẹ́ lọ ṣe gan-an nìyẹn."

Bí a ṣe gbéra nìyẹn, aago mẹ́fà àárọ̀, nínú mọ́tò mi tó ti dàgbà ju àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. A gba ọ̀nà márosẹ̀ dé Èkó láìsí wàhálà. Ní Máìlì Tù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa. A ń wo rélùwéè tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 bó ṣe ń fò kọjá, àwa wà nínú mọ́tò, à ń làágùn. Ìyá Ìbejì ò sọ̀rọ̀. Ó ń wo ìta ṣáá.

Ìgbà tí a kọjá Agbára ni atẹ́gùn yí padà, tí igi àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo dúró kí a ra àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà. Èdè Ègùn ni ìyá tó ń tà á fi ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ló bá yí i sí Yorùbá fún wa, ló bá dá owó lé àgbọn bí ẹni pé wúrà ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbin òkun ni?" Ó ná an, ó ná an, títí obìnrin náà fi rẹ́rìn-ín, tó sì fi ẹyọ kan ṣe ènì. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ayé bá ti sú pátápátá kì í ná àgbọn.

Ilé àlejò kékeré kan létí ọ̀sà la wọ̀ sí. A jẹ ẹja díndín, a sùn. Ìyá Ìbejì tí kì í rí oorun sùn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló jí.

Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn òjíṣẹ́ CMS bẹ̀rẹ̀ ní 1842 tí wọ́n parí ní 1845. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa kiri sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: àwọn ọlọ́ṣà ẹrú kó tìyá tọmọ ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn Potogí gbé Àjàyí sọ́kọ̀ l'Ékòó ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Oṣù kìíní 1845 ló dé Àgbádárìgì. Ogun dínà mọ́ ọn, ó dúró ju ọdún kan lọ kó tó lè dé Abẹ́òkúta. Níbẹ̀, ní 1846, ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ ti fojú kanra, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì béèrè pé, "Ìyá yẹn, ṣé ó mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè ni?"

Ọmọkùnrin náà wo ojú mi. Mo ní, "Kò gbúròó rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi mi orí. "Kò kúkú sí fóònù nígbà yẹn," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, a wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú. A fẹsẹ̀ rin yanrìn, a kọjá kànga tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, títí a fi dé etí òkun, ibi tí àwọn tó bá kọjá kì í padà mọ́. Ìyá Ìbejì ti dé Èkó láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò tíì fojú kan òkun rí. Ó dúró, ó di ìró rẹ̀ mú. Ìgbì ń wá, ó ń padà.

"Tíṣà, níbo ni Kánádà wà nínú eléyìí?"

Mo nawọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ó wo ibẹ̀ títí. Ó fa fóònù yọ lábẹ́ ìró, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ẹ ò rí nǹkan! Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó kú.

Lóru, mo gbọ́ tí ó rọra ṣílẹ̀kùn jáde. Mo ṣe bí ẹni tó sùn. Ohùn rẹ̀ wọlé láti fèrèsé: "Táyé. Ṣé o ti jẹun?" Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń gbọ́. Mo fa aṣọ borí. Ìyókù kì í ṣe tèmi.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ìwé Táyé ò tíì jáde, bàbá rẹ̀ ò lè jí dìde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú kan ò ní kọjá báyìí kí ìyá àtọmọ máà sọ̀rọ̀. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀tún ọ̀rẹ́ mi ló ti sun oorun, òkun ló wá jí i. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí tíì ń tutù níwájú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbà á nímọ̀ràn. Ẹ gbé e sọ́kọ̀.

Ìyá Ìbejì ti ní ká tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní òun ló máa ra epo. Bí epo ṣe wọ́n tó yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara ọ̀rẹ́ mi ti yá.