Nígbà Tí Irin Bá Wọ́n

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Inú kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni mo ti rí òtítọ́ òwe yìí jù lọ.

E. coli ni orúkọ kòkòrò náà, inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ló ń gbé. Bíi tiwa, kò lè ṣe kó má lo irin, nítorí irin wà nínú ọ̀pọ̀ purotéènì tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ ṣe purotéènì kan, yóò kọ́kọ́ da àṣẹ tó wà nínú jíìnì kọ sórí RNA, RNA yìí ni yóò sì jíṣẹ́ náà. Bí irin bá wá wọ́n lójijì ńkọ́? Àṣẹ ti jáde, ohun èlò kò sì tó.

Ní ọdún 2002, Eric Massé àti Susan Gottesman ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọgbọ́n tí kòkòrò yìí ń dá. RNA kékeré kan wà tó ń jẹ́ RyhB, kò ju nǹkan bíi lẹ́tà 90 lọ. Nígbà tí irin bá pọ̀, purotéènì kan tó ń jẹ́ Fur kì í jẹ́ kó jáde. Bí irin bá wọ́n, Fur á tú u sílẹ̀. RyhB á wá so mọ́ àwọn RNA tó ń jíṣẹ́ fún àwọn purotéènì tó ń lo irin, Hfq tí í ṣe purotéènì mìíràn á sì ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ á dópin, òun àti àwọn á sì jọ run. Irin tó ṣẹ́ kù á wà fún iṣẹ́ tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Purotéènì kan tiẹ̀ wà tó ń fi irin gba kòkòrò náà lọ́wọ́ oró tó ń ti ara ọ́síjìn wá. RyhB á dá àṣẹ tirẹ̀ dúró, irú rẹ̀ tó ń lo máńgáníìsì á sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Mo mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ nílé wa. Lọ́dún tó kọjá, oṣù márùn-ún ni wọn kò fi san owó oṣù bàbá mi. Màmá mi pe télọ̀ pé kó má rán aṣọ ọdún wa mọ́. Ó gbé sítóòfù gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi èédú dáná. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bínú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà tí màmá ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ fún un, tó rí owó WAEC tirẹ̀ àti owó oògùn ìyá àgbà níbẹ̀, ni inú rẹ̀ tó rọ̀.

Bí irin bá padà dé, Fur á tún dá RyhB dúró, iṣẹ́ á sì máa lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìdádúró náà kì í ṣe títí láé. RyhB kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn yàtọ̀. Ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá ní láti sọ fún wa pé kò sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ dè. Àwa náà yóò lè bá yín tọ́jú rẹ̀.