Kàdúná Tí A Mọ̀ àti Kàdúná Tí A Ń Gbé

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ nǹkan díẹ̀ nípa ìlú yìí bí a ṣe mọ̀ ọ́n, a kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú tí wọ́n ń pe ènìyàn ní àlejò nínú rẹ̀ kò rọrùn láti sọ. Bí àlejò bá yin ìlú jù, wọ́n á ní ó ń wá ojú rere. Bó bá bu ìlú, wọ́n á ní ta ló fi ìwé pè é. Ṣùgbọ́n Tudun Wada ni wọ́n bí wa sí ní 1969, Kaduna Polytechnic ni a ti gba díplómà, ìlú yìí náà ni a sì ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti 1993. Bí a bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, “ará Kàdúná” ni wọ́n ń pè wá. Bí a kò bá lè sọ̀rọ̀ Kàdúná, ìlú wo ni ká wá sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Bàbá wa dé ibí ní 1965. Kaduna Textiles ti ṣí ní 1957, àwọn iléeṣẹ́ aláṣọ mìíràn sì ń tẹ̀lé e ní Kakuri, ní ìhà gúúsù odò. Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé e ni ó gba Bàbá síṣẹ́. Àwọn Òyìnbó ló tẹ ìlú náà dó nígbà ayé Lugard, kó lè jẹ́ olú ìlú Àríwá dípò Zungeru. Nítorí náà, bí a bá yọ àwọn Gbagyi tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ kúrò, gbogbo wa ni a wá: Hausa wá láti Kánò àti Zaria, Yorùbá wá, Ígbò wá, Nupe wá, àwọn ará gúúsù Zaria náà wá. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń pe ẹnìkejì ní àlejò ní Kàdúná kọ́kọ́ bi bàbá tirẹ̀ léèrè ọdún tó wọlé.

Ṣífùtù mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lóòjọ́ ní iléeṣẹ́ aláṣọ. Bí agogo mẹ́fà àárọ̀ bá kù díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ló máa ń bo orí afárá odò Kàdúná, tí ènìyàn kò ní rí ibi tí yóò fẹsẹ̀ sí. Àwọn ti òru ń bọ̀, àwọn ti àárọ̀ ń lọ, wọ́n á máa kí ara wọn ní Hausa, ní Yorùbá, ní gbogbo èdè. Kò sí ẹni tó ń pe odò náà ní ààlà nígbà yẹn. Ohun tí à ń gbà kọjá ni.

Ní 1974, Bàbá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Alhaji kan ní Tudun Wada. Mai unguwa ló kọ ìwé rẹ̀, ní èdè Hausa, ẹlẹ́rìí mẹ́ta tẹ ìka sí i, wọ́n pín gooro, ó parí. Búlọ́ọ̀kù alámọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé náà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, yàrá mẹ́fà, ṣọ́ọ̀bù kan níwájú tí Ìyá wa ti ń ta gàrí àti èlùbọ́. Mùsùlùmí ni Bàbá, Onítẹ̀bọmi ni Ìyá. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa méjì tẹ̀lé Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwa mẹ́ta tẹ̀lé Ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, abọ́ kan náà ni a sì ń jẹ. Bó bá di Iléyá, ẹran á wọlé láti ilé Alhaji àti láti ilé mẹ́ta mìíràn. Bó bá di Kérésì, ìrẹsì Ìyá á ká àdúgbò. Àwọn ọmọ wa kì í gbà á gbọ́ bí a bá sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́.

Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ṣaríà, ó sì tún bẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. A kò ní ka òkú nínú ìwé ọdún. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀. Àwa ti gbéyàwó nígbà náà, a sì gba yàrá méjì ní Television, ní gúúsù odò. Ìyá wà ní Tudun Wada. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ilé Alhaji tó ta ilẹ̀ fún Bàbá ni ó wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n da híjáàbù bò ó, ìyàwó Alhaji jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bú àwọn ọmọ tó ń gbé igi kiri. Nígbà tí àwọn sójà dé, Alhaji fúnra rẹ̀ ló fà á lé wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ti oṣù Karùn-ún, Ìyá kó wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá ní òun kò ní fi ilé òun sílẹ̀. Kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì o, kò sì sí ìkọ̀sílẹ̀. Odò ló dé àárín wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá á wọ ọkọ̀ wá sí Television pẹ̀lú kílíṣí tí ó fi bébà wé. Ìyá á ti bu ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú kúlà fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti padà. Ọdún 16 ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, títí Ìyá fi kú ní 2016. Ọjọ́ kan ni Ìyá bi í pé, “Baba Sule, ṣé odò yìí ni ẹ wá fi ṣe ògiri yàrá wa?” Bàbá kò dáhùn, ó ní kí wọ́n bá òun wá ideri kúlà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé wa yìí ló ṣẹlẹ̀ sí ìlú. Lẹ́yìn 2000 àti ìjà ti 2002, Mùsùlùmí ń kó kúrò ní gúúsù, Kìrìsìtẹ́nì ń kó kúrò ní àríwá. Àwọn kan ta ilé ní ọ̀pọ̀. Àwọn mìíràn pààrọ̀ ilé sí ilé, tìrẹ tó wà lọ́hùn-ún fún tèmi tó wà níbí, láìgba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹnu àwọn aráàlú yá, wọ́n ń pe apá kan ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n ń pe apá kejì ní Mẹ́kà. Àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà ká mọ́ jù, nítorí ìdílé wa kì í sábà jẹ́ ẹ̀sìn kan. Ibo ni ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Alhaji, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, fẹ́ kọ́lé sí?

Sabon Tasha, Television, Narayi àti Gonin Gora wá kún lójijì. Wọ́n kọ́lé ṣáájú títì, wọ́n gbẹ́ kànga ṣáájú gọ́tà, ṣaláńgá ilé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé kejì. Rigasa náà kún ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá, a mọ bí fáìlì ṣe ń rìn. Kò sí ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì kan tó ya àwòrán ìlú oníhà méjì, ṣùgbọ́n òun ni a ń gbé. Ohun tí ìlú kan ì bá ní lẹ́ẹ̀kan, a ní láti ní in lẹ́ẹ̀mejì. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ tó ń kó wa pọ̀ lórí afárá náà sì ti lọ. Kaduna Textiles tì ní 2002, United Nigerian Textiles tì ní 2007, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tún ṣí díẹ̀ ní 2010. Aṣọ ilẹ̀ òkèèrè, iná mànàmáná tí kò dúró, epo dúdú tó wọ́n fún ẹ̀rọ wọn, gbogbo rẹ̀ ló dìtẹ̀. Yàrá tí àwọn onílé kọ́ fún òṣìṣẹ́ ní Kakuri ṣófo. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ó ní ìwé tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí, ó sì ń lọ wo ojú wọn ní ìparí oṣù. Díẹ̀ ló rí gbà nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ títì. Ìjọba tó wà ní Kàdúná láti 2015 sí 2023 ló bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìlú, wọ́n ń fẹ títì, wọ́n ń kọ́ afárá, wọ́n ń wó ọjà àtijọ́ láti kọ́ tuntun. Ká má purọ́, àwọn títì náà dára. Ẹni tó bá ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kawo ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò ní bú ẹni tó tún un ṣe. A tún gba ọkọ̀ ojú irin Abuja tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 láìmọye ìgbà fún iṣẹ́ ìjọba, títí di ìgbà tí wọ́n kọ lù ú ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹ̀hónú wa kò sí lórí títì. Orí bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó wà lẹ́bàá títì lò ló wà.

Lọ́jọ́ kan ní 2020, àwọn kan wá kun ààmì pupa sára ògiri Bàbá. Wọn kò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde láti ṣe àlùwàlá ni ó rí i, ó sì bi ọmọ aládùúgbò pé kí ni wọ́n kọ. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá àti yàrá méjì iwájú ló bá a lọ. A mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì tó kàn, wọ́n ní ìwé mai unguwa kì í ṣe ìwé, pé láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 ti dé ni ó ti yẹ kí a ti sọ ọ́ di ti ìjọba. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, owó orí ilé tí Bàbá ń san, kò sẹ́ni tó dá a padà fún un pé ilé rẹ̀ kò ní ìwé. Lóríi ìyẹn ló kú ní 2022.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹni tó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí ọlọ́wọ́ nìkan ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde kí àwọn ẹlẹ́rìí tó kú tán. Ẹ má sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà ni ẹ ó padà sí. Àwọn ọmọ yín kò ní bá yín padà.

Ní ọdún tó kọjá, a mú ọmọ wa obìnrin lọ sí Tudun Wada. Ọmọ ọdún 19 ni, àwọn ẹ̀rù tí wọ́n dá bà á láti kékeré kò sì tíì jẹ́ kó dé ibẹ̀ rí. Alhaji ti kú, ọmọ rẹ̀ ló kí wa. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ilé náà fún un, ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú àpò rọ́bà kan. Ìwé 1974 tó wà lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ni, ìka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì hàn kedere ju ti tiwa lọ. Ó ní òun yóò bá wa lọ jẹ́rìí.

Ó ti bá wa lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní kí a má tà á, àbúrò wa tó wà ní Abuja ní kí a tà á kí ó tó tún di ọ̀rọ̀, àwa ṣì ń dúró de nọ́ńbà fáìlì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká padà wá.