Láti Ọbáńtokò dé Olókemèjì

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. N kò ṣubú ní ọjọ́ tí wọ́n ń kan òrùlé ilé mi ní Ọbáńtokò ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo wò. Mo bi káfíńtà léèrè ibi tí wọ́n ti gé àwọn pákó tí ó kó wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, pákó ni ẹ rà, ẹ kò ra ìtàn rẹ̀."

Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ní ìgbà èwe mi, bí ènìyàn bá ní òun ń lọ sí Ọbáńtokò, oko ni a mọ̀ pé ó ń lọ. Ìyá mi àgbà a máa ṣẹ́gi níbẹ̀, a sì máa já ewé eéran tí ó fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976, ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n ń wá ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ fìdí kalẹ̀ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ní ọdún 1988, a dá yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀, Alábàtà ni ó sì wá fi ṣe ibùjókòó. Ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni ìlú ń gbà jáde, tí ó ń gbòòrò lọ. Oko di pulọ́ọ̀tì, ọ̀nà oko di títì. Èmi náà ra pulọ́ọ̀tì kan, mo sì ní kí wọ́n gé gbogbo igi orí rẹ̀ lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ inú igbó ni àwọn baba wa ti wá. Igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n tẹ̀dó sí kí ogun tó tú wọn ká, tí wọ́n fi tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Àwa ọmọ wọn ni a tún fi katapílà padà sí ẹ̀yìn odi.

Bí a bá ń bá ọ̀nà náà lọ síhà Ìbàdàn, tí a kọjá Ọdẹ́dá, apá ibẹ̀ ni Olókemèjì wà, lẹ́bàá odò Ògùn. Ní ọdún 1899 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya igbó ibẹ̀ sọ́tọ̀, òun sì ni rìsáfù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Láàárín àkókò náà ni wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó, tí ó gba Olókemèjì kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀. Ní ọdún 1929, àwọn onímọ̀ nípa igbó ya ilẹ̀ kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Wọ́n ń sun apá kejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ. Wọn kò jẹ́ kí iná dé apá kẹta rárá. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, apá kẹta ti ń di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí i. Ọwọ́ ènìyàn ni ó yàtọ̀.

Mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dé Olókemèjì rí. Kùkùté ni a ń bá pàdé, àti ẹ̀gẹ́ níbi tí ó yẹ kí igi wà, àti èéfín àwọn tí ń sun èédú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tí ń ba igbó jẹ́. Mo fẹ́ bá wọn bú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ káfíńtà sọ sí mi lọ́kàn. Ta ni ń ra èédú náà? Ta ni ń kan òrùlé? Ìlú ni. N kò lè búra pé Olókemèjì ni pákó mi ti wá. N kò sì lè búra pé kò ti ibẹ̀ wá.

Igun kan wà lẹ́yìn ilé mi tí n kò jẹ́ kí wọ́n ro láti ìgbà náà. Àwọn aládùúgbò a máa wí fún mi pé, "Dókítà, ẹ jẹ́ kí a bá yín sán ibẹ̀, ejò á gbébẹ̀." Mo ń bẹ̀ wọ́n ni. Igi ayùnrẹ́ kan hù níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ó sì ti ga ju ilé lọ. Kò san gbèsè pákó tí ó wà lókè orí mi, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí.